Ta ló ni àga olórí? Ìtàn CAC láti ẹgbẹ́ àdúrà Ìjẹ̀bú-Òde títí dé ilé ẹjọ́

Nígbà tí Ìjọ Àpọ́sítélì Kristi, CAC tí gbogbo wa mọ̀, kọ́kọ́ dá dúró lábẹ́ àṣẹ ara rẹ̀, ẹni mẹ́ta ló pín iṣẹ́ olórí láàárín ara wọn. Isaac Babalọlá Akínyẹlé ni Ààrẹ, David Ọdúbánjọ ni Alábòójútó Àgbà, Joseph Ayọ̀ Babalọlá sì ni Ajíhìnrere Àgbà. Akínyẹlé lórúkọ nílùú, ìjọba sì mọ̀ ọ́n. Ọdúbánjọ ló ń kọ lẹ́tà, òun ló ń bá àwọn òyìnbó sọ̀rọ̀, tó sì ń to ìjọ. Babalọlá ni ogunlọ́gọ̀ ń wọ́ tẹ̀lé lọ sí orí òkè àdúrà. Kò sí ẹni tó lè ṣe iṣẹ́ ẹnì kejì nínú wọn, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀ nítorí pé ọ̀rọ̀ ta ni yóò jẹ olórí ìjọ ti di ohun tí à ń gbọ́ nígbà gbogbo ní Nàìjíríà. Bí olùdásílẹ̀ kan bá ti ń darúgbó, àwọn èèyàn á máa bi ara wọn bóyá ọmọ rẹ̀ ni yóò gba ipò, tàbí ìyàwó rẹ̀, tàbí igbákejì rẹ̀. Ìjọ tí kò bá tètè yanjú rẹ̀ á pín sí méjì, agbẹjọ́rò á dé, wọ́n á ti ilẹ̀kùn ilé ìsìn pa. Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń sọ ni pé owó ló fà á. Owó wà níbẹ̀, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fara balẹ̀ wo ìtàn CAC yóò rí i pé oríṣi àṣẹ méjì ló ń jà: àṣẹ ẹni tí ìjọ gbà pé Ọlọ́run pè, àti àṣẹ ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìjọba. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn méjèèjì ti jọ wà nínú ìjọ náà.

Ọdún 1918 ni ìtàn náà bẹ̀rẹ̀, ní ìjọ Áńgílíkà St Saviour's ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọdún yẹn ni àjàkálẹ̀ àrùn tó dà bí ọ̀fìnkìn, tó pa ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn káàkiri ayé, dé ilẹ̀ Yorùbá. Ìjọba ti ilé ìjọsìn àti ilé ẹ̀kọ́. Oògùn òyìnbó kò ràn án, ti ìbílẹ̀ náà kò ràn án. Àwọn díẹ̀ nínú ìjọ náà, tí Joseph Ṣàdárè tí wọ́n tún ń pè ní Esinsinade jẹ́ àgbà láàárín wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé fún àdúrà. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó jẹ́ olùkọ́, Sophia Ọdúnlámì, dara pọ̀ mọ́ wọn. Òun fúnra rẹ̀ ti ṣàìsàn náà, ó sì jẹ́rìí pé òun gbọ́ ohùn pé kí wọ́n máa fi omi òjò àti àdúrà wo àwọn aláìsàn, kí wọ́n pa oògùn tì. Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ni wọ́n sọ ara wọn.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí Sophia Ọdúnlámì. Nínú ọ̀pọ̀ ìwàásù ọjọ́ ìrántí tí mo ti gbọ́, wọ́n máa ń yára fo orúkọ rẹ̀ kí wọ́n lè tètè dé ọ̀dọ̀ àwọn bàbá. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ ìwòsàn láìlo oògùn, tó di òpó ìjọ náà, tó sì fa ìyapa ńlá lẹ́yìn náà, ẹ̀rí rẹ̀ wà lára ohun tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Kò sí àga olórí kankan tí wọ́n gbé fún un nígbà tí wọ́n wá ń pín àga.

Ìjọ Áńgílíkà fara da ẹgbẹ́ náà fún ọdún díẹ̀. Ohun tí bíṣọ́ọ̀bù kò lè gbà ni pé wọn kò jẹ́ kí a ṣe ìrìbọmi fún ọmọ ọwọ́ mọ́, wọ́n sì kọ oògùn pátápátá. Ní ọdún 1922 wọ́n jáde. Ẹni tó bá jáde kúrò nínú ìjọ tó ní bíṣọ́ọ̀bù, ilé ẹ̀kọ́ àti ilẹ̀, ó ní láti wá ibi tí yóò fẹ̀yìn tì. Ọdúbánjọ, tó wà ní Èkó, ti ń ka ìwé ìròyìn tí ìjọ kan ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà ń tẹ̀ jáde, ìjọ tó ń jẹ́ Faith Tabernacle. Ẹ̀kọ́ wọn lórí ìwòsàn bá ti Ìjẹ̀bú mu. Ó kọ̀wé sí wọn, wọ́n fèsì, ẹgbẹ́ àdúrà náà sì gba orúkọ Faith Tabernacle.

Kò sí òyìnbó kankan tó wá láti Philadelphia. Lẹ́tà ni wọ́n fi ń darí ìjọ. Láàárín ọdún díẹ̀ ìjọ náà ti dé Èkó, Ìbàdàn, Iléṣà àti àwọn ìlú mìíràn, láìsí míṣọ́nnárì kan ṣoṣo láàárín wọn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ wá bẹ́ sílẹ̀ ní Philadelphia, tí wọ́n fẹ̀sùn kan olórí ìjọ náà, tó sì lọ dá ìjọ mìíràn sílẹ̀, àwọn tó wà nílé kò mọ ẹni tí wọn yóò gbọ́ràn sí lẹ́nu. Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀kọ́ nípa Ẹ̀mí Mímọ́ àti fífi èdè mìíràn sọ̀rọ̀, èyí tí Philadelphia kò fara mọ́. Nígbà tí àwọn ọdún 1920 ń parí lọ, okùn náà já.

Àkókò yìí gan-an ni Babalọlá dé. Wọ́n bí i ní Odò-Ọwá, tó wà ní ìpínlẹ̀ Kwara lónìí, ní oṣù kẹrin ọdún 1904. Ó kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, ó sì di awakọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà fún iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe títì. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1928, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, nítòsí Ìkéjì-Arákejì, ẹ̀rọ náà kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé níbẹ̀ ni òun ti gbọ́ ohùn tó pe òun kúrò nídìí iṣẹ́ náà. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó mú agogo lọ́wọ́, ó ń wàásù. Ní òpin ọdún 1929, Ṣàdárè ló rì í bọmi ní Èkó.

Ní oṣù keje ọdún 1930, àwọn aṣáájú Faith Tabernacle pàdé ní Òkè-Oòyè ní Iléṣà, níbi tí J. A. Babátọ́pẹ́ ti jẹ́ aṣáájú. Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ìjọ ni wọ́n wá yanjú, àríyànjiyàn sì pọ̀. Ìtàn ìjọ sọ pé nígbà ìpàdé yẹn ni òkú ọmọ kan jí nígbà tí Babalọlá gbàdúrà. Ìpàdé ìgbìmọ̀ di ìsọjí. Láti Èkó, láti Ìbàdàn, láti Ékìtì, láti ilẹ̀ Benin, àwọn èèyàn ń rọ́ wá. Wọ́n ń kó ère àti oògùn wọn wá jó níná, wọ́n ń bu omi lọ sílé. Àwọn ìjọ tó ti wà tẹ́lẹ̀ ń pàdánù ọmọ ìjọ, àwọn aláṣẹ òyìnbó sì ń ṣọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tìfura-tìfura. Láti Iléṣà, Babalọlá kọjá sí Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè, níbi tí ọba ìlú náà ti gba ìgbàgbọ́. Ìlú yẹn náà ni wọ́n sin Babalọlá sí nígbà tó kú.

Ohun tí mo fẹ́ kí a kíyè sí níbí ni pé awakọ̀ ẹ̀rọ tí kò tíì pé ọdún kan nínú ìjọ ló di ẹni tí gbogbo ayé ń wò. Àwọn àgbà tó dá ìjọ náà sílẹ̀ wà níbẹ̀. Wọn kò lé e, wọn kò sì fi í jẹ olórí wọn. Wọ́n fún un láyè láti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, àwọn ń bá ètò ìjọ lọ. N kò mọ ọ̀pọ̀ ìjọ lónìí tó lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Inúnibíni ló sọ wọ́n di ẹni tó tún ń wá òyìnbó. Ìjọba ń fòòró wọn, kò sì sí ẹni tí yóò gbẹnu sọ fún wọn. Ní ọdún 1932, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà fún Babalọlá lórí ọ̀rọ̀ àjẹ́, ó sì ṣe é ní Benin. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀ pàápàá ni Ọdúbánjọ ti kọ̀wé sí ìjọ Apostolic ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1931, D. P. Williams, àbúrò rẹ̀ W. J. Williams, àti Andrew Turnbull gúnlẹ̀ sí Èkó. Wọ́n fi àwọn aṣáájú mélòó kan jẹ pásítọ̀, lára wọn ni Ṣàdárè, Ọdúbánjọ, Akínyẹlé àti Babátọ́pẹ́. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, George Perfect àti Idris Vaughan dé gẹ́gẹ́ bíi míṣọ́nnárì tí yóò máa gbé níbí.

Fún ọdún bíi mélòó kan ó dára. Orúkọ òyìnbó dáàbò bo ìjọ lọ́wọ́ ìjọba. Ṣùgbọ́n àwọn míṣọ́nnárì náà ń lo kíníìnì nítorí ibà. Fún ẹni tó ti padà lẹ́yìn oògùn láti ìgbà àjàkálẹ̀ àrùn, tó ti sin ọmọ tirẹ̀ láìfi oògùn kàn án lẹ́nu nítorí ìgbàgbọ́, kíníìnì lọ́wọ́ pásítọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Àwọn òyìnbó ní ìgbàgbọ́ nínú ìwòsàn, ṣùgbọ́n wọn kò ka oògùn sí ẹ̀ṣẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ìbéèrè mìíràn tún wà tí wọn kì í tètè sọ síta: ta ló ni ilé ìsìn tí àwa fi owó wa kọ́? Ta ni yóò máa yan pásítọ̀, ìgbìmọ̀ tó wà ní òkè òkun ni tàbí àwa?

Láàárín ọdún 1939 sí 1941 ìjọ náà pín. Àwọn kan dúró ti àwọn òyìnbó, àwọn ló di The Apostolic Church, tí àgbègbè LAWNA rẹ̀ gbilẹ̀ ní Èkó, Ìwọ̀-Oòrùn àti Àríwá. S. G. Adégbọ́yèga wà lára àwọn tó dúró. Akínyẹlé, Ọdúbánjọ àti Babalọlá bọ́ sí ìhà kejì. Lẹ́yìn tí wọ́n ti yí orúkọ padà, wọ́n fìdí kalẹ̀ sórí Christ Apostolic Church. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún ọdún 1943, ìjọba forúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Mo bẹ àwọn tó máa ń sáré ka apá òfin nínú ìtàn pé kí wọ́n má sáré kọjá ibí yìí, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà tó dé lẹ́yìn ti wọlé. Òfin tí wọ́n fi forúkọ ìjọ náà sílẹ̀ jẹ́ òfin ọdún 1924 lórí ilẹ̀. Ẹgbẹ́ kì í ṣe ènìyàn, nítorí náà kò lè ra ilẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀. Bí wọ́n bá fi ilẹ̀ ìjọ sí orúkọ bàbá kan, tí bàbá náà kú, àwọn ọmọ rẹ̀ lè dìde pé ogún àwọn ni. Òfin náà wá sọ pé kí ẹgbẹ́ yan àwọn díẹ̀ tí a ń pè ní trustee, kí ilẹ̀ wà lórúkọ wọn lápapọ̀, kí ẹlòmíràn rọ́pò ẹni tó bá kú, kí ilẹ̀ má sì kúrò lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Ìṣọ́ ilẹ̀ ni iṣẹ́ wọn. Òfin náà kò sọ pé àwọn ni yóò máa darí ìjọ nípa ti ẹ̀mí, kò sì sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀.

Níwọ̀n ìgbà tí àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ wà láyé, kò sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yìí. Akínyẹlé lágbára láàárín ìlú débi pé ó di Olúbàdàn ní ọdún 1955, síbẹ̀ kò fi ipò Ààrẹ ìjọ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, A. B. Akínyẹlé, ló jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn. Ẹ wo ilé kan náà tó bí bíṣọ́ọ̀bù fún ìjọ tí ẹgbẹ́ àdúrà náà jáde kúrò níbẹ̀, tó tún bí Ààrẹ fún ìjọ tó jáde. Babalọlá kú ní Ẹdẹ ní oṣù keje ọdún 1959. Akínyẹlé wàjà ní ọdún 1964.

Àwọn tó tẹ̀ lé wọn bá àga mẹ́ta nílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò bá ìwé òfin tó sọ kedere ibi tí agbára àga kan dópin. Ìjọ náà ti di ńlá nígbà yẹn. Ó ní ilé ẹ̀kọ́, ó ní ilẹ̀ ní ìlú púpọ̀, ó ní ẹ̀ka kọjá Nàìjíríà. Ipa wòlíì kò sì kú pẹ̀lú Babalọlá. Nínú CAC, wòlíì tàbí ajíhìnrere lè dá iṣẹ́ ìránṣẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ ìjọ, kó ní ilé àdúrà tirẹ̀, ọmọlẹ́yìn tirẹ̀, àti àpótí owó tirẹ̀. T. O. Ọbádáre, wòlíì afọ́jú, àti S. K. Abíárà ti Àgbàlá Ìtura ni orúkọ wọn ròkè jù láàárín àwọn tí ìran tiwa mọ̀. Ogunlọ́gọ̀ tó ń lọ síbi ìsọjí wọn lè má mọ orúkọ Ààrẹ ìjọ rárá. Agbára ìjọ wá pín sí ọ̀nà mẹ́ta: ti Ààrẹ àti ìgbìmọ̀ rẹ̀, ti àwọn trustee tí ìjọba mọ̀, àti ti àwọn wòlíì tí èèyàn ń tẹ̀ lé.

Láti nǹkan bí ọdún 1990 ni ọ̀rọ̀ náà fọ́ mọ́ wọn lórí. Apá kan dúró lórí ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní Supreme Council, apá kejì dúró lórí àṣẹ àwọn trustee àti ìgbìmọ̀ aláṣẹ. Apá méjèèjì ń jẹ́ CAC. Apá méjèèjì ń pe ara wọn ní ìjọ tí Babalọlá fi sílẹ̀. Ní ìlú kan náà, ẹ lè rí ilé ìsìn méjì tó ní pátákó kan náà, tí ọ̀kan kò sì kí èkejì. Wọ́n lọ sílé ẹjọ́, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀. Àgbà pàdé, ọba dá sí i, wọ́n parí ìjà ní apá kan, òmíràn tún ṣẹ́ yọ. Láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni ìsapá láti so wọ́n pọ̀ ti ń mú èso wá, mo sì yọ̀ sí i. Mo mọ ìdílé tí ìjà yìí pín sí méjì, tí ọkọ ń lọ sí apá kan, tí ìyàwó ń lọ sí èkejì, tí àwọn ọmọ sì bá ìjọ mìíràn lọ nígbà tó sú wọn.

Àwọn ìjọ mìíràn gba ọ̀nà tiwọn. Josiah Akíndáyọ̀mí, tó ti wà nínú Kérúbù àti Séráfù kí ó tó dá Redeemed sílẹ̀ ní ọdún 1952, fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lórí ẹni tí yóò rọ́pò òun. Nígbà tó kú ní ọdún 1980, wọ́n ka ọ̀rọ̀ náà sétí ìjọ, E. A. Adébóyè tó jẹ́ olùkọ́ ìṣirò ní Yunifásítì Ìlọrin sì gba ipò ní ọdún 1981. Àwọn kan kò fara mọ́ ọn nígbà náà, ṣùgbọ́n ìjọ kò pín. Foursquare ní Nàìjíríà ní tirẹ̀ máa ń jẹ́ kí olórí lo sáà rẹ̀, kó fẹ̀yìn tì, kó sì wà láyè láti rí ẹni tó rọ́pò rẹ̀, bí Wilson Bádéjọ ṣe gbé ipò sílẹ̀ ní ọdún 2009. Lójú tèmi, èyí tó ṣòro jù ni pé kí olórí fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún gbèdéke, ṣùgbọ́n òun ni kì í jẹ́ kí ìjọ dúró de ikú kó tó mọ ìgbésẹ̀ tó kàn.

Ìjọba wá dá sí ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún 2016, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìṣirò owó gbé ìlànà kan jáde tó sọ pé olórí ìjọ tàbí ẹgbẹ́ tí kì í ṣe fún èrè kò gbọ́dọ̀ lo ju ogún ọdún lọ, kò sì gbọ́dọ̀ ju ẹni àádọ́rin ọdún lọ. Ní oṣù kìíní ọdún 2017, Adébóyè kéde Joseph Ọbáyẹmí gẹ́gẹ́ bí alábòójútó Redeemed ní Nàìjíríà, ó sì di ariwo káàkiri orílẹ̀-èdè. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ Ààrẹ Muhammadu Buhari yọ ọ̀gá àjọ náà, wọ́n sì dá ìlànà náà dúró. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, ó fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́, CAMA. Abala 839 rẹ̀ gbà kí àjọ tó ń forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ dá àwọn trustee dúró, kí wọ́n sì yan alámòójútó mìíràn fún ìgbà díẹ̀, bí ìwà ìbàjẹ́ bá wà nídìí owó. Àwọn olórí Pẹ́ńtíkọ́sì pariwo. Wọ́n ní ìjọba fẹ́ gba ìjọ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Mo lóye ẹ̀rù wọn. Ẹni tó bá rántí pé ìjọba ló ti Babalọlá mọ́lé kò ní fẹ́ kí òṣìṣẹ́ ìjọba máa yan alábòójútó fún ìjọ. Ṣùgbọ́n mo tún rò pé àwọn àgbà ìjọ fúnra wọn ló fún ìjọba ní ilẹ̀kùn yìí, nítorí ìjọ tó ń gbé ara rẹ̀ lọ sílé ẹjọ́ kò lè sọ pé adájọ́ kò gbọ́dọ̀ dá sí ọ̀rọ̀ òun.

Ohun tí ọmọ ìjọ lásán lè ṣe wà nínú òfin CAMA náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀nba ni àwọn tó mọ̀ ọ́n. Bí ìjọ bá fẹ́ yan trustee tuntun tàbí rọ́pò èyí tó wà, ó ní láti kọ́kọ́ fọwọ́ sí i ní ìpàdé gbogbogbò, kí ó sì kéde orúkọ àwọn tó fẹ́ yàn nínú ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ méjì. Ẹnikẹ́ni tó bá ní àtakò ní ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n láti kọ̀wé sí àjọ tó ń forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ìkéde yẹn máa ń wà ní ojú ewé ẹ̀yìn, láàárín ìkéde àwọn tó yí orúkọ padà, lẹ́tà rẹ̀ sì kéré. Ìwé òfin ìjọ náà gbọ́dọ̀ sọ bí wọ́n ṣe ń yan trustee, bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́, àti ta ló lágbára láti pe ìpàdé. Kí ọmọ ìjọ béèrè pé òun fẹ́ kà á kì í ṣe ọ̀tẹ̀. Bí wọ́n bá ní kò sí níbẹ̀, tàbí pé ọ̀rọ̀ àwọn àgbà nìkan ni, ó ti mọ ibi tí ìjà tó ń bọ̀ yóò ti bẹ̀rẹ̀.